Sinimá Bàbá Lékeléke

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo níwájú ilẹ̀kùn tuntun, tó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, tó di ojú kan, tó ń fi èkejì wo etí ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe sáré pe dókítà. Bàbá Lékeléke ni. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n kì í kan àga, kì í kan tábìlì, kì í sì í kan ibùsùn. Ilẹ̀kùn nìkan ni tirẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń kàn án, àdúgbò sì kún fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn tó ń ṣí láìdún, ilẹ̀kùn ilé ìwé tí ọgọ́rùn-ún ọmọ ń fi èjìká tì lójoojúmọ́, títí dé ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, èyí tí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn sọ pé ó lágbára ju ti àtìmọ́lé wọn lọ.

Tó bá gbé ilẹ̀kùn kọ́ tán, yóò kọ́kọ́ gbé ọ̀pá ìwọ̀n tí omi wà nínú rẹ̀ lé e, bí gbogbo káfíńtà tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò sún sẹ́yìn, yóò gbé ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, yóò sì máa wò. Bí kò bá mì, ilẹ̀kùn náà dúró ṣánṣán nìyẹn. Bó bá ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, yóò tú u, ì báà jẹ́ pé onílé ti ń dúpẹ́. Mọ́kànlá ni àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í dúró lẹ́sẹ̀ kan. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ̀bí, tí kò sì fi ẹ̀fẹ̀ ṣe ọ̀wọ́n fún ẹnikẹ́ni, máa ń sọ pé ọjọ́ tí àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá bá pàdé níbi iṣẹ́ kan, àwọn ará àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wá màlúù tí wọ́n tẹ̀ lé wá.

Ẹni tó bá bi Bàbá Lékeléke léèrè ibi tó ti kọ́ àṣà yìí, yóò jókòó, nítorí ìtàn náà kò kúrú. Nínú sinimá ló ti rí i, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.

Ìyá rẹ̀ ló ń gbá gbọ̀ngàn sinimá nígbà náà. Torí èyí, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin a máa jókòó lẹ́yìn pátápátá lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ihò tí iná sinimá ti ń jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé sinimá kan wá láti ìlú òkèèrè. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan ń sáré nínú pápá, ló bá bá ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù kan pàdé. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé, ilẹ̀kùn nìkan láàárín koríko. Ẹyẹ funfun kan bà lé ilẹ̀kùn náà lórí, ó gbé fìtílà tó ń tàn sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó kan jáde wá, ó fi pẹ́ńsùlù há etí, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò. Káfíńtà Àgbà nìyẹn. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan níwájú ilẹ̀kùn náà, ó wò ó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méje náà kò gbàgbé mọ́: “Ilẹ̀kùn tí a bá fi sùúrù kàn, ìjì gan-an á kànkùn kó tó wọlé.”

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló gbẹ́ sára pátákó tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ́ ẹ síbẹ̀ pé: “Ọ̀rọ̀ Káfíńtà Àgbà.” Ìgbà tí oníbàárà kan fẹ́ kó fi ìṣó mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ìṣó mẹ́jọ, pátákó yìí ló nàka sí. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣàìsàn, tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun náà ló gbójú sókè wò.

Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kọjá, kò tún fojú kan sinimá náà. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, tó sì mọ bí a ṣe ń wá nǹkan tó sọnù, ti wá a títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò sí sinimá kankan láyé yìí tó ń jẹ́ “Káfíńtà Àgbà.” Àfìgbà tó pa orúkọ náà tì, tó kàn kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà pé òun ń wá sinimá tí ẹyẹ ti gbé fìtílà sẹ́nu lórí ilẹ̀kùn búlúù, ni ẹnì kan tí kò mọ̀ rí dá a lóhùn kí omi tíì rẹ̀ tó hó.

“Bàbá mi, mo ti rí i!” Ó pè é lórí fóònù. “Wọ́n tiẹ̀ ti kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sísàlẹ̀ ní èdè wa. Lọ́jọ́ Àìkú, lọ́sàn-án, màá gbé e wá.”

Ìyàwó káfíńtà rò pé ọkọ òun máa jó. Ó bá a tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irinṣẹ́, tó ń nu ìfági tí kò dọ̀tí.

“Bàbá ilé, ṣé ẹ̀jẹ̀ yín ò ru?”

“Ara mi le. Mo kàn ń rò ó ni. Ṣé ẹ rántí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa, tí mo máa ń sọ fún yín pé ó ga dé òfuurufú? Mo padà lọ wò ó lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni. Ewúrẹ́ kan dúró lórí ẹ̀, orí ewúrẹ́ ò sì ju àyà mi lọ.”

“Kí ni ewúrẹ́ wá fi ṣe sinimá?”

“Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́, ẹnu bàbá arúgbó yẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Tí mo bá wá rí i pé sinimá ráńpẹ́ kan lásán ni, pé ọ̀rọ̀ yẹn ò tó nǹkan kan níbẹ̀, kí ni mo wá fi ogójì ọdún tẹ̀ lé?”

Obìnrin náà wò ó, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. “Ó dáa,” ló wí. “Ohun yòówù kẹ́ ẹ rí, ẹ má ṣáà lọ tú ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn. Mo ṣì ń gbẹ̀bí níbẹ̀.”

Ẹnì kan ṣoṣo ni Bàbá Lékeléke fẹ́ kó jókòó ti òun lọ́jọ́ náà: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Òun ló túmọ̀ sinimá náà sí i létí nígbà náà, torí èdè òkèèrè ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, àbúrò kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Kò sì yà á lẹ́nu nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà dàgbà tó di ògbufọ̀ ilé ẹjọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é kó tó fẹ̀yìn tì. Ní àràárọ̀ ló ń búra níwájú adájọ́ pé òun kò ní fi kún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sọ níwájú Àǹtí Ògbufọ̀ pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá síbi kan, á bi yín pé ta ló kà wọ́n.

Lórí fóònù, Àǹtí Ògbufọ̀ bi í léèrè: “Sinimá wo nìyẹn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, Káfíńtà Àgbà náà ni!”

“Mo rò pé irú sinimá àtijọ́ yẹn ti jóná tán.”

“Wọ́n rí i o.”

“Orúnkún ń dùn mí.”

“Èmi fúnra mi ni màá wá fi mọ́tò gbé yín.”

“Òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.”

“Inú ilé la máa jókòó sí, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Nígbà tí kò sí àwáwí mọ́, ó wá. Wọ́n fi í sí àga tó rọ̀ jù nínú pálọ̀, ṣùgbọ́n etí àga náà ló jókòó lé, bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ gbéra. Ọmọbìnrin Bàbá Lékeléke, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ọmọ tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé abọ́ gúgúrú sórí itan. Adájọ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nínú ẹbí, torí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá, kò sì sí ìdájọ́ tó dá tí wọ́n yí padà rí.

Àwọn ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Ojú Bàbá Lékeléke kò lè bá wọn sáré.

“Màá máa kà á fún yín, Bàbá àgbà,” ni Adájọ́ wí. “‘Ẹyẹ Tó Gbé Fìtílà.’”

“Kí nìyẹn?”

“Orúkọ sinimá ni.”

“Orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ti yí i padà. Àbí, Ẹ̀gbọ́n mi?”

Àǹtí Ògbufọ̀ wúkọ́.

Pápá náà jáde, Bàbá Lékeléke sì mí kanlẹ̀. Bó ṣe rántí rẹ̀ ló rí, koríko tó ga, tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin kékeré náà dé, ó ń sáré. Àǹtí Ògbufọ̀ ti sọ fún un láyé ọjọ́un pé ìyá ọmọ náà ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ wá káfíńtà. Adájọ́ kà á pé ọmọ náà ń sá fún olùkọ́ ìṣirò ni. Bàbá Lékeléke fajú ro díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn búlúù náà ti yọ. Ẹyẹ funfun náà fò wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi so ó rọ̀, kedere bí okùn ìsáṣọ. Ó bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ nígbà tí fìtílà náà tàn, irun apá rẹ̀ dìde, bó ṣe dìde lábẹ́ ihò iná lọ́jọ́ kìíní.

“Ẹ wò ó!” ló wí fún ìyàwó rẹ̀. “Ẹ ò rí i? Ó ṣì dáa!”

“Ẹ jẹ́ ká dá a dúró díẹ̀,” ni Àǹtí Ògbufọ̀ sọ lójijì. “Ẹsẹ̀ mi ti kú.”

“Ẹ nà án sórí àpótí yẹn, Màmá,” ni Adájọ́ dáhùn. “Bàbá kan ń bọ̀.”

Òun ló ń bọ̀ lóòótọ́. Bàbá arúgbó náà yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò, kíṣọ́, kíṣọ́. Ó dúró. Ó gbé ojú sókè. Bàbá Lékeléke ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí àga, ó ń múra láti bá a sọ ọ́.

Adájọ́ kà á sókè: “‘Ọmọdé yìí, ṣé o rí bàtà mi?’”

Bàbá Lékeléke padà jókòó.

“Kà á dáadáa,” ni Bàbá Lékeléke wí.

“Mo kà á dáadáa. ‘Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ kan fò kiri. Ìrì pọ̀ lórí koríko, mi ò sì fẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ mi tutù.’”

“Káfíńtà Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kì í ṣe káfíńtà, Bàbá àgbà. Wọ́n ní olùṣọ́ pápá ni.”

“Pẹ́ńsùlù etí rẹ̀ ńkọ́?”

Ìyá Adájọ́ dá àwòrán náà dúró, gbogbo wọn sì nà síwájú. Ìyẹ́ ẹyẹ ni.

Ẹ̀rín pa agbẹ̀bí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ń lu itan, ó ń sọ pé, “Ìbọ̀sẹ̀! Ogójì ọdún! Ìbọ̀sẹ̀!” Ìgbà tó wá rí ojú ọkọ rẹ̀ ló fi aṣọ bo ẹnu.

Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àga tó rọ̀. “Màmá Ògbufọ̀, ṣé ẹ gbọ́ èdè yẹn nígbà náà?”

Obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bá ilé ẹjọ́ sọ òtítọ́ kò lè purọ́ fún Adájọ́. “Mo gbọ́ díẹ̀.”

“Bíi mélòó?”

“Mo gbọ́ ‘ẹ káàárọ̀’, mo sì gbọ́ ‘ẹ ṣé’.”

“Nínú gbogbo sinimá yìí?”

“Wọ́n sọ ‘ẹ ṣé’ lẹ́ẹ̀mejì. Méjèèjì ni mo túmọ̀ bó ṣe wà.”

Bàbá Lékeléke dìde, ó rọra ṣí ilẹ̀kùn, ó sì jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a, tó gbójú sókè tó ń wo pátákó. Eruku igi wà nílẹ̀, àwọn ayùn wà lára ògiri ní títò, láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó tóbi.

“Ta ló wá sọ ọ́?” ló bèèrè láìwẹ̀yìn.

“Èmi ni.”

“Ti ẹsẹ̀ kan náà?”

“Bàbá yẹn ń fò. O bi mí pé kí ló dé tó ń fò. Mo ní láti sọ nǹkan.”

“Kí ló wá dé tó fi jẹ́ káfíńtà, Ẹ̀gbọ́n mi?”

Àǹtí Ògbufọ̀ wá ibi jókòó, ó rí àpótí kan. “Ṣé o rántí yàrá wa lẹ́yìn ilé ìlọta? Bàbá wa wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, híńjì ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn sì ti já. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ báyìí, ilẹ̀kùn á là gbàgà. Màmá á gbé garawa omi tì í, afẹ́fẹ́ á ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú garawa. Ìwọ ò sì sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lo fi ń jókòó lórí ẹní tí ò ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, o sì di aṣọ mi mú kí n má bàa sùn. Mo wá rí ilẹ̀kùn nínú sinimá, mo rí bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní tí n bá fi í ṣe káfíńtà, bóyá àbúrò mi á jẹ́ kí n sùn.”

Bàbá Lékeléke yí padà. “Ṣé mo wá sùn?”

“Nígbà tá a délé, o gbé ẹsẹ̀ kan sókè níwájú ilẹ̀kùn wa, o wò ó, o sì ṣubú lu garawa. O ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ó wọ́.’ Lo bá lọ dùbúlẹ̀, o sùn bí òkúta. Ilẹ̀ mọ́, o lọ tọrọ òòlù nílé ìlọta, o fi ìṣó mẹ́jọ kan híńjì yẹn. Ìṣó mẹ́jọ! Ilẹ̀kùn ọ̀hún ò ṣí mọ́, ojú fèrèsé ni Màmá gbà jáde lọ síbi iṣẹ́.”

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ọkùnrin náà, ó mú un padà. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?”

“Ìgbà wo ni ǹ bá sọ ọ́? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n fún ọ níṣẹ́ ilé ìwòsàn ni? Àbí ìgbà tí mo rí ọmọ iṣẹ́ rẹ mọ́kànlá lẹ́sẹ̀ kan? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi búra, mi ò fi kún ọ̀rọ̀ ẹnì kan rí. Tìrẹ nìkan ni mo fi kún.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fi kún un. Gbogbo ẹ̀ lẹ ṣe! Ẹ ò fi nǹkan kan sílẹ̀ tí èèyàn ì bá yọ.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè mú ẹ̀rín náà padà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Àǹtí Ògbufọ̀ fi di orúnkún rẹ̀ mú. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Bàbá Lékeléke tún wo pátákó náà. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ mẹ́ta ni pé kí ọ̀rọ̀ náà má lọ kéré lójú òun bí òkè ẹ̀yìn ilé ìwé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò kéré. Ọmọ ọdún méjìlá ló sọ ọ́, nínú òkùnkùn, láìmúra sílẹ̀, sí etí ẹni tó mọ̀ pé kì í sùn. Káfíńtà wo ni ì bá mọ ilẹ̀kùn wọn tó bẹ́ẹ̀?

Ó fa àkàbà sún mọ́ ògiri, ó sì mú ìfági.

“Kí lo fẹ́ ṣe?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè.

“Mo fẹ́ fá ìlà ìsàlẹ̀ yìí kúrò. Irọ́ ló wà níbẹ̀. Màá gbẹ́ ẹ síbẹ̀ pé ‘Ọ̀rọ̀ Ògbufọ̀.’”

“Má dán an wò! Àwọn adájọ́ ń gba ọ̀nà yìí kọjá!”

“Ó dáa, ‘Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi.’”

Obìnrin náà dìde. Ó di ẹsẹ̀ àkàbà mú fún un kó má yẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbọn eruku igi kúrò lára ni Adájọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó di abọ́ gúgúrú mọ́ àyà. “Mo ti dá ẹjọ́ náà,” ló wí. “A máa gbé e padà síbẹ̀rẹ̀. A máa pa ohùn rẹ̀. Màmá Ògbufọ̀ á tún un túmọ̀.”

“Mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọ mi.”

“A ti fagi lé ìfẹ̀yìntì yín.”

Wọ́n padà sí pálọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí Ògbufọ̀ fẹ̀yìn ti àga dáadáa. Ó kọ́kọ́ ń kólòlò, torí ó ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò gbàgbé.

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi. Níbí yìí, ẹ ní ẹyẹ náà ń bi í pé ṣé ó ti jẹun.”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Ọmọ náà sì ní òun ti jẹ ẹ̀pà.”

“Ebi ló ń pa èmi alára nígbà yẹn,” ni Àǹtí Ògbufọ̀ wí, ó sì ń bá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí bàbá arúgbó náà fò jáde tó ń wá bàtà rẹ̀, gbogbo pálọ̀ ló bá a sọ ọ̀rọ̀ ìjì náà, agbẹ̀bí ló sì pariwo jù.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Lékeléke gbé ilẹ̀kùn tuntun kọ́ sí ilé ìwé. Ó fi ọ̀pá ìwọ̀n wò ó, omi náà dúró láàárín gbùngbùn. Ó sún sẹ́yìn, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì bí ọmọ èèyàn, ó wò ó. Kò rí nǹkan kan tó wọ́, síbẹ̀ kò lè kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé, tó jẹ́ àlejò ní àdúgbò, yọ lẹ́yìn rẹ̀. “Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń wò bẹ́ẹ̀?”

“Bàtà mi kan ni mò ń wá,” ni Bàbá Lékeléke dáhùn. Kò mì rárá.